Wáàsí Jímọ̀: Bí ìjọba bá ní ká wá jókòó sọ̀rọ̀, ṣé ká lọ?

As-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ti wọ àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́nu: ẹni tó bá ti lọ bá ìjọba jókòó lásìkò ìwọ́de, ó ti gba ẹ̀gúnjẹ nìyẹn. Ó máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà míì, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di òfin, kí la fẹ́ sọ sí àdéhùn Hudaybiyyah?

Ọdún kẹfà Hijirah ni. Nǹkan bí 1,400 sàhábà ló bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jáde fún Ùmúrà, àwọn Kùráéṣì, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mẹ́kà, sì dínà mọ́ wọn. Suhayl ọmọ Amr ló wá ṣojú Kùráéṣì, Àlí ló ń kọ̀wé. Suhayl ní òun ò gba Bismillaahir-Rahmaanir-Raheem, kí wọ́n kọ Bismika Allaahumma (Ní orúkọ Rẹ, Ọlọ́hun). Ànábì gbà. Suhayl tún ní kí wọ́n pa "Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun" rẹ́, kí wọ́n kọ "Muhammad ọmọ Abdullah". Ànábì tún gbà. Kí wọ́n padà sílé lọ́dún yẹn, kí wọ́n wá lámọ́dún fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Kí ogun dáwọ́ dúró fún ọdún mẹ́wàá. Inú bí Úmárù débi tó fi ń bèèrè pé ṣé àwa kọ́ la wà lórí òdodo ni. Àdéhùn yìí náà ni Súrátul-Fat'h pè ní ìṣẹ́gun tó hàn gbangba.

Ẹ wo ohun tí Ànábì yọ̀ǹda: bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ, àti àsìkò. Ẹ wá wo ohun tó gbà: ogun dúró, ọ̀nà Mẹ́kà ṣí, ẹ̀yà tó bá sì fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí Kùráéṣì ran ẹ̀yà Banuu Bakr lọ́wọ́ láti kọlu ẹ̀yà Khuzaa'ah, tó wà lẹ́yìn Ànábì, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹni tó ba àdéhùn jẹ́. Ọdún kẹjọ Hijirah, 10,000 èèyàn ló bá a wọ Mẹ́kà.

Abuu Jandal ni àwọn oníwáàsí kan máa ń fò. Ọmọ Suhayl fúnra rẹ̀ ni. Tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wọ́ dé ibẹ̀, wọ́n sì dá a padà, torí àdéhùn ní kí wọ́n dá ẹni tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ Kùráéṣì padà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe àwíjàre láti gbàgbé àwọn tó wà ní àtìmọ́lé o. Wáhàyì (ìṣípayá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun) ń bọ̀ wá bá Ànábì, Ànábì sì fi dá Abuu Jandal lójú pé Ọlọ́hun yóò ṣe ọ̀nà àbáyọ fún un. Aṣojú ìwọ́de kò ní wáhàyì. Ní tiwa, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ni kí wọ́n kọ́kọ́ jáde.

Ìlàjà ní ààlà. Hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá sọ pé ìlàjà tọ́ láàrin Mùsùlùmí, àyàfi èyí tó bá sọ hàláàlì di hàráámù tàbí hàráámù di hàláàlì. Iye owó, ọjọ́, orúkọ ìgbìmọ̀, ẹ lè dúnàádúrà lé gbogbo ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n pa kì í ṣe ti aṣojú láti fi jin ìjọba; àwọn ẹbí rẹ̀ ló ni ín (Súrátul-Isrā 17:33).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kírun ní Ọjà'ba n'Íbàdàn, Mápó ò jìnnà sí yín. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ wọ́ lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1968 nítorí owó orí. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni Àgbẹ́kọ̀yà ní àwọn á san. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, kí Awólọ́wọ̀ tó lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀. Pọ́n-ùn méjì ni ọ̀rọ̀ jọ parí sí. Ogójì ṣílè nìyẹn, ó fi ṣílè mẹ́wàá ju ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ. Wọ́n gbà á, torí pé fífi tipátipá gba owó orí náà wà lára ohun tó máa dópin. Ta ló máa pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ n'Íbàdàn lónìí?

Ti Sudan ló dàrú. Oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n yọ Ààrẹ al-Bashir. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àwọn aṣojú ará ìlú àti àwọn ológun bọwọ́ lu ìwé: ìgbìmọ̀ ẹni mọ́kànlá, kí ológun ṣe alága fún oṣù 21, kí alágbádá wá gbà á fún oṣù 18. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 2021, kó tó kan alágbádá, ológun dìtẹ̀ gbàjọba. Ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ ni wọ́n jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó, kò sì sí ohun tó máa fipá mú un dìde.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde rárá ni kí ẹ ti kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kó má pọ̀ jù, kí ẹ sì ti fẹnu kò lórí èyí tí ẹ lè dín kù. Ẹnì kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ wọ ọ́fíìsì lọ jíròrò; ó kéré tán kí wọ́n pé mẹ́ta. Kò sí owó mọ́tò, kò sí àpò ìrẹsì. "A máa wo ọ̀rọ̀ náà" kì í ṣe àdéhùn. Baqarah 2:282 ní ká kọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú àsìkò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín náà ní ọjọ́, kó ní orúkọ ọ́fíìsì tó máa ṣe é, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹ kà á fún àwọn èèyàn ní Yorùbá lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n lè kọ̀ láti lọ sílé o. Ní Hudaybiyyah, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ànábì ní kí wọ́n dìde pa ẹran wọn, kò sẹ́ni tó mira. Ummu Salamah, ìyàwó rẹ̀, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó jáde lọ pa tirẹ̀, kó fá orí rẹ̀. Bó ṣe ṣe é ni gbogbo wọn dìde.

Bí ẹ bá rí i pé wọ́n fẹ́ dalẹ̀, Súrátul-Anfāl 8:58 ní ká da àdéhùn padà fún wọn ní gbangba. Ẹ mú ìwé náà jáde, ẹ fi ìlà tí wọ́n yẹ̀ han aráàlú, lẹ́yìn náà kí ẹ tó tún gba ojú títì lọ.