Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Pa Obìnrin Tó Nífẹ̀ẹ́ Obìnrin Nínú Fíìmù?

Ẹ wo obìnrin yìí dáadáa. Karen ni wọ́n ń pè é. Ó ń rìn níta, ó gbọ́ tí wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Àyà rẹ̀ já. Ó sáré padà, ó ń ké "Martha! Martha!", ó fipá já ìlẹ̀kùn. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Martha ti pokùn so.

"The Children's Hour" nìyẹn, fíìmù ọdún 1961. Audrey Hepburn ló ṣe Karen, Shirley MacLaine ló ṣe Martha. Kí ni Martha ṣe? Kò jalè, kò pààyàn. Ó fi omijé jẹ́wọ́ fún Karen pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Láti 1934 títí di 1968 ni àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ní Hollywood fi tẹ̀ lé òfin kan, òfin náà ló sọ irú ìfẹ́ yẹn di èèwọ̀ nínú fíìmù. William Wyler, tó darí fíìmù yìí, ti kọ́kọ́ ṣe ìtàn náà ní 1936. Nígbà yẹn, wọ́n ní kó yí i padà di ọ̀rọ̀ obìnrin méjì lórí ọkùnrin kan. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kó lo orúkọ eré orí ìtàgé tó ti mú un! Ní 1961 ni wọ́n tó dẹ okùn òfin náà díẹ̀. Obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin wá lè yọjú, àmọ́ ikú ló ń dúró dè é níparí. Ní 1967, nínú fíìmù mìíràn, igi ló wó pa ọ̀kan nínú wọn. Igi! Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ tó bá ń wo èyí ní kọ̀rọ̀, tó mọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀, kí ló fẹ́ rò nípa ọ̀la?

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, MacLaine sọ pé òun àti Hepburn ò jọ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn rí lásìkò tí wọ́n ń ya fíìmù náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kékeré kan ní Nàìjíríà, ó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ ọ́ lórúkọ: Ìfẹ́. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣe é, ni wọ́n bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin méjì ló wà nínú ilé kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ba ara wọn lọ́kàn jẹ́. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè.