Owó tí Anini fọ́n sọ́jà

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Lawrence Anini ni mo gbé wá lọ́jọ́ Jímọ̀ òní. Àwa tí a dàgbà l'Ákùúrẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn yó. Nígbà tí ọdún 1986 ń parí lọ, bàbá mi tó ń fi mọ́tò ná Benin kì í gbé èrò mọ́ tí aago méjì ọ̀sán bá ti lù.

Awakọ̀ takisí ni Anini ní Benin kó tó di adigunjalè àti apààyàn. Ó pa ọlọ́pàá, ó pa ẹni tó kàn ń lọ lọ́nà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, ló sì ń ta á lólobó tó tún ń fún un ní ìbọn. Ẹni tí ìlú ní kó máa ṣọ́ wọn o! Ní December 3, 1986, ọwọ́ tẹ Anini nínú ilé kan ní Benin. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti jẹ́jọ́. Ní March 29, 1987, wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n pa Iyamu náà. Kò tíì pé 30 ọdún.

Ẹ jẹ́ ká fi ikú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní bó bá jalè tán, á máa fọ́n náírà fún àwọn ará ọjà bó ṣe ń wa mọ́tò sá lọ. Àwọn èèyàn á sì ṣà á. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní aláàánú! Ọlọ́hun sọ nínú Súrátul Máídà, áyà 32, pé ẹni tó bá pa ẹ̀mí kan láìtọ́, bí ẹni pa gbogbo ènìyàn ni. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni wọn máa kọ́kọ́ dá láàrin ènìyàn lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ó tún sọ ti arìnrìn-àjò tó gbọ́wọ́ sókè, eruku bo irun rẹ̀, ó ń ké "Yá Rọ́bì, Yá Rọ́bì", àmọ́ háráámù ló ń jẹ, háráámù ló wọ̀ sọ́rùn. Ó ní báwo ni wọn yóò ṣe gbà á?

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, ọmọ kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, ó tú bébà lára owó tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn. Ìyá àgbà kan tí kò lè kúnlẹ̀ kírun mọ́ ń rá kòrò lábẹ́ àga. Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé iṣẹ́ kí lọmọ yìí ń ṣe. Ó ní, "Orí fóònù ni, Àlùfáà, ẹ máa ṣàdúrà fún un." N kò fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ o, Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa ká máa tọ pinpin ara wa. Àmọ́ èmi tí mò ń kọ wáàsí yìí, mo fi sálúbàtà tẹ ẹgbẹ̀rún kan náírà méjì mọ́lẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí eèrà jẹ lẹ́sẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi lọ jálàbíà náà fún Jímọ̀. Ó rí owó náà nínú àpò, ó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ, ó sì dá a padà síbẹ̀.