Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Owó Rẹ̀ Ni Olówó Ní, Kò Ní Iyì Ẹni Tó Jẹ Ẹ́ Lówó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí í bo àṣírí ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ òní, lórí àwọn áàpù ẹ̀yáwó tó ń dójú ti onígbèsè, gbóná lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ orí fóònù mi láti orí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí. Àwòrán ọ̀kan lára àwọn ìyá àsàlátù wa ni wọ́n fi síwájú, pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀ lórí, wọ́n sì fi lẹ́tà pupa kọ “OLÈ” àti “ONÍJÌBÌTÌ” gba àwòrán náà kọjá. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti iye tó yá, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kìlọ̀ fún un kí ọlọ́pàá tó dé. Kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún un, ó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ọmọ rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan nínú wa, mùsùlùmí tó ń kírun wákàtí márààrún, ti gbé e sórí ìkànnì WhatsApp mọ́sáláṣí, ó sì kọ “Innā lillāhi” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì ká mọ́lé, yóò gbọ́ pé áàpù kan wà tí í yáni lówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí onídùúró, láìsí ohun ìdógò. Áàpù náà yóò béèrè BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ní báńkì, àti àwòrán ojú rẹ̀, yóò tún béèrè ìyọ̀ǹda láti wo gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lórí fóònù náà, òun náà yóò sì tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” láì kà á nítorí pé ara ń ni ín. Láti ìṣẹ́jú yẹn, nọ́ńbà èmi àti ẹ̀yin ti wà lọ́wọ́ àjèjì, àwa tí a kò yá kọ́bọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi wá bóyá a gbà. Owó tó yá kì í dé ọwọ́ rẹ̀ pé, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ti yọ èlé kúrò ṣáájú, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 14 péré ni wọ́n sì sábà máa ń dá. Tí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, ìpè yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Bí kò bá gbé e, wọ́n á yíjú sí àwọn orúkọ tó fi pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, “Mọ̀mí”, “Áàfáà”, “Bàbá Onílé”, wọ́n á sì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí a gbọ́ ìtàn wọn, ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó ni wọ́n ti ń lóṣòó. Ojú wọn hàn, onígbèsè sì mọ ẹni tí yóò bẹ̀. Ti òde òní kò ní ojú, kò ní orúkọ, ẹnu ọ̀nà ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa gbèsè náà ló sì ń lọ lóṣòó sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin fàyè gbà á. Abala 37 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Ní ọdún 2021, àjọ NITDA tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan nítorí ìwà yìí gan-an. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ, ó gbé ìlànà jáde pé kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Google fúnra rẹ̀ kà á léèwọ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé kí áàpù ẹ̀yáwó máa wo nọ́ńbà tàbí àwòrán tó wà lórí fóònù oníbàárà, oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n sì buwọ́ lu òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí àjọ NDPC ń mójú tó. Ìlànà mìíràn tí FCCPC tún gbé jáde ní ọdún 2025 mú ìtanràn tó lè dé mílíọ̀nù 100 náírà dání. Síbẹ̀ àwọn kan fi Play Store, ìsọ̀ áàpù Google, sílẹ̀, wọ́n ń fi ìlìǹkì áàpù wọn ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn ní kọ̀rọ̀. Ìjọba ayé pàápàá ti rí i pé ìkà ni, àmọ́ ohun tí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí.

Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ tó kó hádíìsì Ànábì jọ, ló gba ìtàn yìí wá. Ka'b ọmọ Malik, akéwì nínú àwọn sàábé, ní owó lọ́rùn ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn Abi Hadrad. Ó bá a nínú mọ́sáláṣí Ànábì ní Mẹ̀dínà, ó sì béèrè owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di èsì, èsì di ariwo, títí tí ohùn àwọn méjèèjì fi dé etí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun nínú ilé rẹ̀. Yàrá rẹ̀ kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí níbẹ̀ ni, aṣọ títa ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ká aṣọ náà kúrò, ó jáde sí wọn, ó sì pè é: “Ìwọ Ka'b!” Ka'b dáhùn pé, “Mo jẹ́ ìpè rẹ, ìwọ Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun.” Ó wá na ọwọ́ rẹ̀, ó fi ṣe àmì sí i pé kí ó yọ ìdajì kúrò. Ka'b ní, “Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun.” Ó yíjú sí ẹnì kejì, ó ní, “Dìde, kí o san án.”

Ọwọ́ yẹn máa ń mú omi wá sí mi lójú. Ariwo ti wà nílẹ̀, àwọn méjì ń pariwo nínú ilé Ọlọ́hun, ẹni tó láṣẹ jù láti pariwo ni kò pariwo. Kò pe onígbèsè ní olè. Kò ní kí àwọn ará mọ́sáláṣí wá gbọ́. Ó sún olówó sí àánú, ó sì sún onígbèsè sí sísan, ọ̀rọ̀ náà kò sì kọjá àárín àwọn tó kàn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé Ànábì kan náà ló ní ẹni tó bá ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la lórí gbèsè ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n fọwọ́ kan iyì rẹ̀, kí wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Hádíìsì náà wà, Abu Dawud gbà á wá, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní owó lọ́wọ́ tí kò fẹ́ san ni hádíìsì náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà. Bukhari sì gba àlàyé Sufyan, onímọ̀ hádíìsì kan, wá lórí rẹ̀, pé ohun tí fífọwọ́ kan iyì yẹn dúró fún ni kí olówó sọ pé, “O ń fi owó mi falẹ̀”; ìjìyà rẹ̀ ni àtìmọ́lé. Níbo ni àwòrán wà níbẹ̀? Níbo ni ìyá ọkọ wà níbẹ̀? Ẹni tí kò ní rárá, tirẹ̀ wà nínú Súrà Al-Baqarah, àáyà 280: kí wọ́n fún un ní àkókò títí ìrọ̀rùn yóò fi dé, bí wọ́n bá sì fi ta á lọ́rẹ, ó lóore jù fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ọ́fíìsì yẹn, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀gá yín ń ka iye tí ẹ bá gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ń fi orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ ṣépè fún ìyá tó lè bí ọ, tí o wá ṣe àlùwàlá dìde lọ kí Àílà, ta ni o rò pé ó ń gba ìrun náà? Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ nípa ẹni tó wọ gbèsè pátápátá nínú ìjọ rẹ̀, pé yóò dé ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ pẹ̀lú ìrun, ààwẹ̀ àti sàká, àmọ́ ó ti bú èyí, ó ti parọ́ mọ́ tọ̀hún, ó ti jẹ owó ẹlòmíràn. Wọn yóò máa kó iṣẹ́ rere rẹ̀ fún wọn títí yóò fi tán, wọn yóò wá kó ẹ̀ṣẹ̀ wọn rù ú, wọn yóò sì jù ú sínú iná. Ní ọjọ́ yẹn, ìyá tí o kọ OLÈ sí lójú ni yóò jẹ́ olówó, ìwọ ni yóò jẹ́ onígbèsè, kò sì ní sí ọjọ́ tí wọn yóò sún un sí. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Wá a rí, kí o tọrọ àforíjì rẹ̀, nítorí pé ẹ̀tọ́ ẹrú kì í lọ pẹ̀lú àsítágàfárù nìkan.

Ìwọ tí o gbé e sórí ìkànnì wa ńkọ́? Ọlọ́hun ní kí apá kan wa má ṣe sọ̀rọ̀ apá kejì lẹ́yìn, Ó sì bi wá bóyá ẹnìkan nínú wa fẹ́ jẹ ẹran ara ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ìwọ jẹ ẹ́, o sì bù ú fún gbogbo ìjọ. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ní ẹni tó bá ń tọpinpin àṣírí àwọn mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò tọpinpin tirẹ̀, yóò sì dójú tì í, kódà nínú ilé rẹ̀. Pa á rẹ́ nísinsìnyí.

Kí onígbèsè má sì rò pé mo ti dá a láre pátápátá. Rìbá, owó èlé, ni owó yẹn, ogun Ọlọ́hun sì wà lórí rìbá. Ojúlówó iye tí o gbà, ẹ̀tọ́ ẹlẹ́ni ni. Gbé ìpè, sọ òótọ́, dá ọjọ́ tí o mọ̀ pé agbára rẹ lè ká. Bí wọ́n bá tú àṣírí rẹ, tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀, kí o fi ẹjọ́ sun FCCPC àti NDPC.

Àwa alákòóso mọ́sáláṣí náà, ẹ̀bi wa ńkọ́? Nínú àwọn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun pín sàká fún ní Súrà At-Tawbah, àáyà 60, àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìrẹsì Ràmàdáánì la mọ̀ ọ́n pín. Mo ti bá Lèmọ́mù sọ ọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ sàká yóò máa jókòó nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì ọjọ́ Àìkú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò máa wọlé, a kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára pátákó, a kò sì ní ya àwòrán ẹni tí a bá fún lówó.