Quarterback: bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀, àti ohun tó ń mú wọn pẹ́ níbẹ̀

Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré yìí. Ọdún 2000 ni, ní Indianapolis, níbi tí àwọn ikọ̀ NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù, ti ń yẹ àwọn ọmọ yunifásítì wò kí wọ́n tó mú wọn. Yáàdì 40 ni wọ́n ní kó sá. Ìṣẹ́jú àáyá 5.28 ló gbà á. Àwọn géńdé tó wúwo ju kílò 130 lọ wà tí wọ́n ń sá a yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, ènìyàn 198 ni àwọn ikọ̀ ti mú kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀, mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ quarterback bíi tirẹ̀, ẹni tó ń darí eré ikọ̀ tó sì ń ju bọ́ọ̀lù.

Tom Brady lorúkọ rẹ̀. Sáà 23 ló lò nínú NFL. Ẹ̀ẹ̀méje ló gba Super Bowl, eré àṣekágbá líìgì náà, kò sì sí ikọ̀ kankan nínú líìgì náà, ikọ̀ odindi o, tó tíì gbà tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni gbogbo àwọn tó ń wọn eré fojú fò? Ẹsẹ̀ tó yá àti apá tó le ṣeé wọ̀n. Ohun tó ń mú quarterback pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò ṣeé fi aago wọ̀n: bí ojú rẹ̀ ṣe ń ka pápá, àti bó ṣe ń tètè pinnu nígbà tí àwọn mẹ́rin bá ń rọ́ bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Fún ẹni tí kò wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí, ènìyàn 11 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Pápá gùn tó yáàdì 100, yàtọ̀ sí yáàdì 10 tó wà ní òpin méjèèjì, níbi tí wọ́n ti ń jẹ touchdown, àmì 6. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni ikọ̀ ní láti sún síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá sún un, wọ́n gba mẹ́rin míì. Bí wọn ò bá sún un, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Quarterback ló ń gba bọ́ọ̀lù nígbà tí ìgbìyànjú bá bẹ̀rẹ̀. Ó lè jù ú, ó lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì lè gbé e sáré fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró sórí ìgbìyànjú kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà.

Bí èyí tó ṣáájú bá ti parí, aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà sílẹ̀ láti 40. Rédíò wà nínú akoto quarterback. Ẹ ó rí àmì róbótó aláwọ̀ ewé lẹ́yìn akoto náà, òun ni rẹfirí fi ń mọ ẹni tó gbé e. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á ka ètò sí i létí: bí wọn ó ṣe tò, ẹni tó máa dí ta ni, ọ̀nà tí olúkúlùkù máa sá, àti igbe tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, gbólóhùn yìí á gùn tó ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, méjìlá. Quarterback gbọ́dọ̀ tún un sọ fún àwọn mẹ́wàá yòókù láìṣì ọ̀kan pè, nítorí bó bá ṣi ọ̀kan pè, ẹnì kan á sá gba ọ̀tún nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ sósì. Bó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15, rédíò á kú. Ó ku òun nìkan.

Ó dé ojú ìlà. Àwọn alátakò méjì tó dúró sẹ́yìn pátápátá ló kọ́kọ́ ń wò, àwọn tí wọ́n ń pè ní safety. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà láàrin lọ́hùn-ún, ẹ̀gbẹ́ pápá ló sábà máa ń ṣeé jù sí. Bí àwọn méjèèjì bá pín ẹ̀yìn mọ́ra wọn lọ́wọ́, àárín lè ṣí. Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé ó ń wò wọ́n. Wọ́n á fi ìdúró tàn án, bọ́ọ̀lù á ṣí nílẹ̀, wọ́n á sì ti sún sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni á nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn linebacker, àwọn alátakò tó dúró lẹ́yìn ìlà iwájú wọn, á pariwo nọ́ńbà rẹ̀, kí àwọn márùn-ún tó ń dáàbò bò ó lè mọ ẹni tí oníkálukú máa dí. Bí ètò tí wọ́n gbé wá kò bá bá ohun tó rí mu, á yí i padà lójú ẹsẹ̀.

Center ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ nínú èyí. Òun ló ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàrin itan ara rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú. Ibí yìí ni ẹ ó ti gbọ́ orúkọ ilé: Olusegun Oluwatimi, tó gba àmì ẹ̀yẹ Outland, ti àwọn tó ń jà ní ìlà iwájú, ní Yunifásítì Michigan ní 2022, tí Seattle Seahawks sì mú ní 2023. Olumuyiwa Fashanu náà ń bẹ, tí New York Jets mú ṣe ẹni 11 ní 2024. Left tackle ni tirẹ̀, òpin ìlà lápá òsì, ìhà tí quarterback ọlọ́wọ́ ọ̀tún ń kọ ẹ̀yìn sí tó bá fẹ́ jù. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá yẹ̀, ẹ̀yìn ni ìyà á ti bá quarterback.

Bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ó gùn tó íǹṣì 11, kò sì wúwo ju áúnsì 15 lọ. Ẹ wo ìka rẹ̀ dáadáa. Ọmọ-ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e wà lórí okùn tí wọ́n fi rán awọ náà. Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò nà sí ìdí bọ́ọ̀lù, àtẹ́lẹwọ́ kò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àyè díẹ̀ wà láàrin wọn. Ìka tó nà yẹn ló ń fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kẹ́yìn, òun ló ń mú un fò ní yíyí. Èyí tí kò bá yí dáadáa, atẹ́gùn á gbá a kúrò lójú ọ̀nà.

Ó ń fà sẹ́yìn: ìgbésẹ̀ 3, 5 tàbí 7, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ẹni tó máa gbà á ṣe jìn tó. Ìgbésẹ̀ òun àti eré ẹni náà gbọ́dọ̀ bára dọ́gba. Agbára jíjù kì í ti apá wá, ilẹ̀ ló ti ń wá: ẹsẹ̀ òsì á kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ìbàdí á yí, èjìká á tẹ̀ lé e, apá ló kẹ́yìn. Bó bá ń fà sẹ́yìn bó ṣe ń jù, torí pé ó rí ẹni tó ń bọ̀, bọ́ọ̀lù á léfòó, á kọjá lórí ẹni tó yẹ kó gbà á, á sì bọ́ sọ́wọ́ safety tó wà lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù tí alátakò já gbà, ẹsẹ̀ ló bà á jẹ́, kì í ṣe apá.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Nínú èyí, á wo ẹni àkọ́kọ́, bí wọ́n bá ti dí i, á wo ẹnì kejì, ẹ̀kẹta. Àṣìṣe tí ọmọ tuntun ń ṣe jù ni pé á tẹjú mọ́ ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Safety tó gbọ́n máa ń wo ojú quarterback. Ibi tí ojú bá lọ, ibẹ̀ lòun náà ń sá lọ. Àgbà ọ̀jẹ̀ á fi ojú tàn án lọ sósì, á wá jù ú sọ́tùn-ún, sí ibi tí ẹni tó máa gbà á kò tíì dé.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dé ibẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ girama, lẹ́yìn rẹ̀ yunifásítì. NFL kì í gba ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta tó kúrò ní girama. Lẹ́yìn náà ni ìyàn ọdọọdún, ìpele méje, tí ikọ̀ tó ṣe burúkú jù kọ́kọ́ ń mú. Ní Michigan, Brady jókòó wo Brian Griese ní 1997. Nígbà tó di àgbà níbẹ̀ ní 1999, akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣì ń pín eré láàrin òun àti Drew Henson tó kéré sí i. Ìpele kẹfà ni New England Patriots mú un. Nínú sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, òun ni quarterback kẹrin nínú ikọ̀ náà, bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ló sì jù, ọ̀kan ló dọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí.

Drew Bledsoe ló ni àyè yẹn, ó sì ti tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún 10 tó tó mílíọ̀nù 103 dọ́là ní oṣù kẹta 2001. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, Mo Lewis ti Jets kọlù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú àyà rẹ̀. Brady wọlé. Àyè náà sì di tirẹ̀.

Ní oṣù kejì 2002, nínú Super Bowl pẹ̀lú St. Louis Rams, àmì jẹ́ 17 sí 17. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá 21 ló kù, Patriots wà ní yáàdì 17 ilé ara wọn, wọ́n sì ti lo gbogbo ìsinmi tí ikọ̀ lè pè láti dá aago dúró. John Madden, tó ń ṣàlàyé eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n, ní kí wọ́n jẹ́ kí aago tán, kí wọ́n lọ sí àfikún àkókò. Ẹ wo ohun tí Brady ṣe. Kò ju ọ̀kankan jìnnà réré. Mẹ́ta kéékèèké lọ sọ́dọ̀ J.R. Redmond. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ Troy Brown, yáàdì 23. Ọ̀kan sọ́dọ̀ Jermaine Wiggins. Ó ju bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, èyí tí òfin gbà, láti dá aago dúró nígbà tó ku àáyá 7. Adam Vinatieri fi ẹsẹ̀ gbá a wọlé láti yáàdì 48, Patriots sì borí. Apá tó le kọ́ ló gba ife yẹn; ẹni tó mọ ẹni tó ṣí sílẹ̀ ni, tó sì jù ú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò gbọdọ̀ fò kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ikọ̀ gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ronú níbi yìí. Ohun tí wọ́n sọ fún Warren Moon nìyẹn: kó lọ gbá ipò míì. Ní 1978, kò sí ikọ̀ NFL kan tó mú un. Ó lọ sí Edmonton ní Kánádà, ó gba ife líìgì wọn lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, kí Houston Oilers tó gbà á ní 1984. Ní 2006, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ ilé àwọn akọni bọ́ọ̀lù náà. Ní oṣù kìíní 1988, Doug Williams ju touchdown mẹ́rin ní abala kejì nìkan nínú abala mẹ́rin eré náà, Washington sì na Denver 42 sí 10. Òun ni quarterback aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Super Bowl. Ó di oṣù kejì 2023 kí irú wọn méjì tó kojú ara wọn níbẹ̀, Patrick Mahomes àti Jalen Hurts. Iye ọgbọ́n tí ìgbàgbọ́ yẹn fi ṣòfò kò ṣeé kà.

Owó ńkọ́? Ẹni tuntun ń tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́rin, ipò tí wọ́n ti mú un ló sì ń sọ iye. Brock Purdy ni ẹni 262, ẹni ìkẹyìn pátápátá, ní 2022. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là nígbà tó gbé San Francisco 49ers dé Super Bowl. Ní 2025, ó tọwọ́ bọ ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 265. Ẹ fi sọ́kàn pé NFL fi ààlà sí iye tí ikọ̀ lè ná lórí gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Quarterback tó bá gba púpọ̀ ń mú kí owó àwọn tó ń dáàbò bò ó kéré. Ìdí nìyẹn tí ikọ̀ fi ń sáré gba ife nígbà tí owó quarterback wọn ṣì kéré. Ẹ sì fi sọ́kàn pé iye tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde kì í ṣe iye tó dájú. Owó tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà nìkan ni ẹ máa wò, torí ikọ̀ lè lé ènìyàn kí ìyókù tó pé.

Ara ló sábà ń dá iṣẹ́ náà dúró. Ní eré àkọ́kọ́ 2008, ẹnì kan tó ti ṣubú sílẹ̀ kọlu orúnkún òsì Brady, iṣan inú rẹ̀ já, sáà náà sì tán fún un. Lẹ́yìn náà, NFL fòfin de kí ẹni tó wà nílẹ̀ máa fò mọ́ ẹsẹ̀ quarterback. Ojúgun Alex Smith ṣẹ́ ní oṣù kọkànlá 2018, àrùn wọ ojú egbò náà, iṣẹ́ abẹ 17 ló gbà kí ẹsẹ̀ náà tó ṣeé lò. Ó padà sórí pápá ní oṣù kẹwàá 2020. Brady pẹ́ torí pé bọ́ọ̀lù ń tètè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyà tí kò bá dé ara kò lè bà á jẹ́. Ní 2021, ní ẹni ọdún 44, yáàdì 5,316 ló jù fún Tampa Bay, ikọ̀ tó ń gbá fún nígbà náà, kò sí ẹni tó jù tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Àwọn kan wà tí ẹ kì í sáà rí lórí pápá. Chase Daniel bẹ̀rẹ̀ eré márùn-ún péré láàrin ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gba ju mílíọ̀nù 40 dọ́là. Iṣẹ́ wà fún irú wọn. Láti ọjọ́rú, ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánrawò. Ẹnì kejì ń fi ojú kọ́ ètò kan náà, á sì wo fídíò alátakò. Lọ́jọ́ eré, á dúró pẹ̀lú tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, á máa fi ibi tí safety dúró sí nínú ìgbìyànjú tó kọjá han ọ̀gá rẹ̀. Bí ọ̀gá bá sì ṣubú, kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti dé akoto.