Kí Ni À Ń Tà Gan-an Bí A Bá Ta Kábọ́nì Igbó?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àti ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin Olórítún wa, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mo kí yín. Ìbéèrè tó ń wá jù láti ìgbà tí a ti kéde ìpàdé yìí ni pé: "Ṣé lóòótọ́ ni òyìnbó ń fowó ra afẹ́fẹ́ inú igbó?" Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń rà. Ẹ̀rí pé igbó ń fa kábọ́nì mọ́ra ni wọ́n ń rà, pẹ̀lú ìlérí pé a ó tọ́jú igbó náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé irú rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ti fi ọmọ tí kò tíì bí ṣe ìwọ̀fà.

Kábọ́nì jẹ́ èròjà kan tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú èéfín; òun ni igi fi ń kọ́ ara rẹ̀, látorí gbòǹgbò dé ẹ̀ka. Àwọn tó ń wọn igbó máa ń na téèpù yí igi ká níbi tó ga tó mítà 1.3, ìyẹn ọ̀gangan àyà àgbàlagbà, wọ́n á sì fi ìyẹn ṣírò ìwọ̀n rẹ̀. Igi tó bá wọn tọ́ọ̀nù 1 nígbà tó bá gbẹ tán ní nǹkan bíi kìlógíráàmù 470 kábọ́nì nínú. Bí iná bá jó o, kábọ́nì yẹn á so mọ́ ọ́síjìn, á sì di afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, tó wọn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.7. Kírẹ́díìtì 1 dúró fún tọ́ọ̀nù 1 irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tí a fà wálẹ̀, tàbí tí a kò jẹ́ kó gòkè.

Ibi tó le ni ìbéèrè yìí: bí owó náà kò bá wá, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí igbó náà? Ẹ wo igbó Agẹmọ. Níbi tí èèwọ̀ ṣì ti múlẹ̀, ta ni yóò gbé ẹ̀rọ ìgégi wọ ibẹ̀? Òǹrà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní igbó yẹn ìbá dúró bẹ́ẹ̀ náà, nítorí náà kò sí kírẹ́díìtì níbẹ̀. Ó ń dùn mí, torí àwọn tó pa òfin baba wọn mọ́ ni ọwọ́ wọn máa ṣófo. Síbẹ̀, ìṣirò náà tọ́. Ilé-iṣẹ́ tó rà á fẹ́ fi dípò èéfín tirẹ̀ ni. Bí igbó kò bá sí nínú ewu tẹ́lẹ̀, èéfín yẹn kò dín kù rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú kírẹ́díìtì igbó kìjikìji tí àjọ Verra fọwọ́ sí kò dín èéfín kankan kù. Verra ta ko ìṣirò wọn. Àríyànjiyàn náà kò ju èyí lọ: àwọn akọ̀ròyìn ní àwọn tó ń ta kírẹ́díìtì ti sọ ewu tó wà lórí igbó di ńlá ju bó ṣe rí lọ.

Ti igbó ọba Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa, yàtọ̀. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tó ń dáàbò bò ní 1977. Erin ṣì ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú àti àwọn olóko kòkó ń jẹ ẹ́ wọlé láti apá igbó náà tí wọ́n ń pè ní J4, wọ́n sì ti gé ọ̀pọ̀ igbó kìjikìji ibẹ̀ rí láti gbin gmelina tí wọ́n fẹ́ fi ṣe pépà ní Ìwọpin. Ewu ibẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ta ló wá ni kábọ́nì rẹ̀? Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣàkóso igbó ọba. Aṣojú tó bá wá bá ìdílé kan pé kí wọ́n ta kábọ́nì Omo, ohun tí kì í ṣe tiwọn ló ní kí wọ́n tà. Ohun tí a lè jà fún ni ìpín tí wọ́n kọ sínú àdéhùn, àti iṣẹ́ ọlọ́dẹ igbó fún àwọn ọmọ wa. Bí wọ́n bá sì ti J4 pa, tí ẹ̀rọ ìgégi kọjá sí igbó Oluwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tàbí igbó Shasha ní Ọ̀ṣun, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ohun tí wọ́n gé níbẹ̀ kúrò nínú iye tí a ó tà.

Àwọn ará Ogun Waterside bi mí nípa etíkun. Ní Gazi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn ará abúlé ń tọ́jú hẹ́kítà 117 igi mangrove, tó ń hù nínú omi iyọ̀. Láti 2013 ni wọ́n ti ń ta kírẹ́díìtì rẹ̀, owó náà sì ń lọ sórí omi ẹ̀rọ àti ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n omi tútù àti igbó ògùrọ̀ ló pọ̀ ní ìhà Ìwọpin. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ náà ń tọ́jú kábọ́nì, torí ohun tó bá rì sínú omi kì í tètè jẹrà. Ìwọ̀n tirẹ̀ la gbọ́dọ̀ ṣe, a ò lè gbé ìṣirò Gazi lé e.

Ìyá kan tó ń ṣe gàrí wá béèrè bóyá wọ́n á sanwó fún òun bí òun kò bá dáná sun oko mọ́. Mo ní: "Ìyá wa, fún oko ẹnì kan ṣoṣo, rárá." Àwọn tó ń wọn kábọ́nì inú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ wò dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n tún padà wá gbẹ́ ẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Owó ìwọ̀n yẹn á jẹ èrè tán, àfi bí àgbẹ̀ púpọ̀ bá para pọ̀. Kí ìyá wa má dúró de kírẹ́díìtì o: koríko tí a kò sun ń bo ilẹ̀, ilẹ̀ á sì dá omi dúró fún ẹ̀gẹ́.

Ìyá náà tún ní, "Ta ni yóò di ìwé àdéhùn náà mú?" Mo ní kí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ dì í mú, kí ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Yorùbá sì wà lọ́wọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan: ààlà ilẹ̀, iye ọdún, ìpín oníkálukú, àti ẹni tí gbèsè máa já lé lórí bí iná bá jó oko náà láàárín ọdún.