Bí Abúlé Jamel Ṣe Bọ́ Sọ́wọ́ Àwọn Násì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o. Jamel là ń lọ lónìí, abúlé kan lápá àríwá Jámánì, nítòsí ìlú Wismar, ní ìpínlẹ̀ Mecklenburg-Vorpommern. Ilé ibẹ̀ ò ju bíi 10 lọ, àwọn tó ń gbébẹ̀ ò tó 50. Síbẹ̀, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ní Jámánì, abúlé Násì ni wọ́n máa pè é, ìyẹn abúlé àwọn tó ń tẹ̀ lé èrò Hitler.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: wọ́n rò pé ìbò ni wọ́n fi gbà á. Rárá o! Ilé ni wọ́n rà. ILÉ! Wọ́n rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Jámánì méjèèjì dọ̀kan lọ́dún 1990, iṣẹ́ dọ̀wọ́n lápá ìlà-oòrùn, àwọn ọ̀dọ́ sì kẹ́rù wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ilé ṣófo, owó ilé já wálẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan tó ń wólé fún èèyàn, tó tún di aṣojú NPD, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tó nírú èrò yìí, nínú ìgbìmọ̀ agbègbè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń rà wọ́n. Aládùúgbò tí kò bá bá wọn ṣe, wọ́n á máa halẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi sú u. Òun náà á tà. Ta ló sì máa rà á? Àwọn kan náà ni!

Ayò ọlọ́pọ́n ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ilé tọ́mọ kún inú rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ bọ̀rọ̀. Èyí tó di méjì, mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ. Jamel ti di méjì, mẹ́ta kí wọ́n tó dé ìdí ọpọ́n.

Ìjọba wá ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Abala 86a nínú òfin ìwà ọ̀daràn Jámánì sọ pé ẹni tó bá gbé àmì Násì síta gbangba lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 3, tàbí kó sanwó ìtanràn. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọn ò bá gbé àmì yẹn síta. Wọ́n ri òpó atọ́nà mọ́lẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i pé Braunau am Inn jìnnà ní kìlómítà 855. Braunau, ní Austria, ni wọ́n bí Hitler sí lọ́dún 1889. Orúkọ ìlú ni wọ́n kọ, abala 86a ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun orúkọ ìlú.

Ẹgbẹ́ NPD náà ńkọ́? Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ilẹ̀ Jámánì ní èrò wọn lòdì sí ìwé òfin, àmọ́ agbára wọn ò tó ohun tí a ó fi fòfin dè wọ́n. Wọ́n yí orúkọ padà sí Die Heimat lọ́dún 2023. Ní January 2024, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà dá owó ìjọba dúró fún wọn fún ọdún 6. Ẹ gbọ́ o: òfin gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, KÒ GBA ILÉ LỌ́WỌ́ ONÍLÉ!

Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn dúró ní Jamel, àfi kó nílé níbẹ̀. Lọ́dún 2004, Birgit àti Horst Lohmeyer, tọkọtaya láti Hamburg, ra ilé aṣọ́gbó àtijọ́ kan níbẹ̀. Láti 2007 ni wọ́n ti ń pe àwọn olórin wá sínú àgbàlá wọn lọ́dọọdún. Ní August 2015, àwọn kan dáná sun abà tọkọtaya yìí. Lóṣù yẹn gan-an ni gbajúgbajà ẹgbẹ́ olórin Die Toten Hosen wá kọrin níbẹ̀.

Wọn ò sì talé.