Ohùn Ni Ká Kọ́kọ́ Tọ́jú: Bí Ìpàdé Orí Ayélujára Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Okun o, ẹ̀yin ọmọ Okun. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú àtàwọn olùkọ́ sọ ní Kábà, nílẹ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, rèé. Àwọn tí kò lè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi díẹ̀ kún un.

Ẹ wo bí a ṣe fọ́n ká. Ọmọ Yàgbà wà ní Kàdúná, ọmọ Ìjùmú wà ní Àbújá, ọmọ Bùnú wà ní Èkó, àwọn mìíràn ti sọdá òkun. Ilé ni àwọn àgbà wà. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020 tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, ọ̀pọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ kó sórí fóònù, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ tán títí dòní. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó wà nílé, tí ọ̀rọ̀ ìlú kàn jù lọ, ni kì í sábà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nẹ́tíwọ̀kì ni gbogbo wa máa ń dá lẹ́bi. Ó ní ẹ̀bi tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìṣòro yìí wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí alága bá la ẹnu? Máìkì fóònù rẹ̀ á gba ohùn, fóònù á sọ ohùn náà di nọ́ńbà, á sì gé e wẹ́wẹ́. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 50: bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe sábà máa ń kéré tó nìyẹn. Fóònù á fún ègé náà pọ̀, á kọ nọ́ńbà sí i, á sì rán an lọ. Ó dà bí ẹni tó kó iṣu oko kan sínú ọkọ̀ púpọ̀, tó kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbéra lè má kọ́kọ́ dé. Fóònù ẹni tó ń gbọ́ ló máa dúró dè wọ́n fún ìgbà díẹ̀, tó máa tò wọ́n bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra, kó tó sọ wọ́n di ohùn padà. Ìdúró náà ò sì lè pẹ́. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, dámọ̀ràn pé kí ohùn má lò ju ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ láti ẹnu dé etí. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí àgbà méjì bá jọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá fi ìwé ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí ègé kan sọnù lọ́nà, ẹ̀rọ á ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ègé tó bá sọnù ti lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ á na èyí tó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ láti fi dí àlàfo náà, etí ò sì ní fura. Ṣùgbọ́n bí ègé mẹ́wàá bá sọnù léraléra, ìdí ọ̀rọ̀ ti já nìyẹn. Ẹ ronú nípa owó tí wọ́n ń dá. Ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà: bákan náà ni gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ìparí rẹ̀ kò bá dé etí, ta ló máa mọ iye tí wọ́n bù fún òun? Mo bẹ akọ̀wé, owó yòówù tí wọ́n bá dárúkọ nípàdé, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i kà.

Fídíò wá ńkọ́? Zoom, ilé iṣẹ́ tó ni áàpù tí a fi ń ṣe ìpàdé orí ayélujára, fúnra wọn sọ pé ohùn nìkan ń fẹ́ kílóbíìtì 60 sí 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pé fídíò tó dára láàárín ẹni méjì ń fẹ́ 600. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ sí mẹ́gábáìtì, ìwọ̀n tí a fi ń ra dátà: kílóbíìtì 8,000 ló wà nínú mẹ́gábáìtì kan. Ohùn wákàtí kan kò ju mẹ́gábáìtì 36 lọ. Fídíò yẹn á jẹ nǹkan bíi 270 ní wíwọlé, á sì tún jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní jíjáde bí ẹ bá tan kámẹ́rà tiyín. Ojú ọ̀nà kan náà ni àwòrán àti ohùn jọ ń gbà. Níbi tí òkè àti àpáta ti dí ìgbì òpó mọ́ wa lójú, ọ̀nà yẹn tóóró. Nítorí náà, ẹ pa kámẹ́rà. Kí alága tan tirẹ̀ fún ìkíni, kí ó sì pa á. Èmi ò rí ìdí tí màmá kan fi máa pàdánù ọ̀rọ̀ nítorí kí a lè rí aṣọ tí ẹnìkan wọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ló gba àlàyé jù. Àwọn àgbà á pé jọ síbì kan, fóònù mẹ́rin á wọ ìpàdé kan náà. Ohùn á jáde lára èkíní, máìkì èkejì á gbé e, á rán an padà, gbogbo ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ̀rọ mọ bí a ṣe ń yọ ohùn tó ti ara òun fúnra rẹ̀ jáde, kò mọ ti fóònù ẹlòmíràn. Ẹyọ fóònù kan ṣoṣo ni kó wọlé nínú gbọ̀ngàn, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ wá síwájú fóònù náà. Kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà.

Ẹ̀rọ tún máa ń gbìyànjú láti pa ariwo. Ó gbọ́n sí ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n ìlù àti àtẹ́wọ́ lè di ariwo létí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orin fi máa ń dún jákujàku níbi ìsìn ìdágbére tí a ṣe lórí ayélujára. Bí ẹ bá fẹ́ kọrin, ẹ wá ibi tí Zoom pè ní "Original sound" kí ẹ tàn án, kí ẹ sì pa á bí orin bá parí.

Ti sẹminá orí ayélujára kò le. Níbẹ̀, àwọn olùbánisọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ní máìkì, àwọn yòókù ń gbọ́, wọ́n sì ń kọ ìbéèrè ránṣẹ́. Ó bá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mu. Kò bá ìpàdé ìlú mu, torí kálukú ló ní ẹnu níbẹ̀. Ẹ tún rántí pé ọ̀fẹ́ Zoom ń parí ní 40 ìṣẹ́jú, ti Google Meet, áàpù ìpàdé mìíràn, ní 60 bí ẹ bá ti pé mẹ́ta.

Ìgbà mìíràn wà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni wa lè ṣe. Ìpàdé àwọn ará Kábà àti Ìyàrá, tí kò jìnnà síra wọn, pàápàá lè gba ẹ̀rọ tó wà lókè òkun kọjá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Àbíjáǹ ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tiwa náà kò gbẹ́yìn.

Olùkọ́ kan láti Ẹ̀gbẹ̀ béèrè ohun tí a ó ṣe bí iná bá lọ lọ́wọ́ ẹni tó pe ìpàdé. Mo ní kó tètè fi èèyàn méjì ṣe igbákejì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lẹ́yìn odi, kí ìpàdé má bàa wà lọ́wọ́ fóònù kan ṣoṣo. Kó sì jẹ́ kí àwọn tó wà nílé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nígbà tí bátìrì wọn ṣì kún.